Bátìrì Orí Táyà

Láràárọ̀ tí Ràdíátù bá ń bọ̀ wá ṣí ṣọ́ọ̀bù, bátìrì kan ló máa ń kọ́kọ́ rí, tí ó jókòó sórí táyà àlòkù lẹ́bàá títì bí ẹni tí ń dúró de àlejò. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀, tayọ̀tayọ̀ ló fi ń wò ó. Nígbà tó yá, kò fẹ́ rí i sójú mọ́. Bí ó bá ti ń sún mọ́ ọn, á gbé ojú sí òdìkejì títì. Ṣùgbọ́n òdìkejì títì náà ni ṣọ́ọ̀bù Ejike wà, Ejike tí ó ta bátìrì náà. Ilẹ̀ nìkan ló wá kù fún un láti wò, ilẹ̀ náà ló sì ń wò títí á fi wọlé.

Ríwáyà ni Ràdíátù, ẹni tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Olódì-Apapa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, níbi tí àwọn awakọ̀ máa ń dúró sí kí wọ́n tó ráyè wọ wọ́ọ̀fù, èbúté ọkọ̀ òkun. Kò lọ síléèwé iṣẹ́ kankan. Ojú ló fi jí i kọ́, ọwọ́ ló fi gbìyànjú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ń sọ pé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, kò bá wọn jiyàn, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì. Bí nǹkan bá burú, ó burú náà ló máa sọ. Àwọn tó máa ń fi ọ̀rọ̀ dídùn po ọ̀rọ̀ pọ̀, ó ní bí èèyàn bá yẹ àpò wọn wò, á bá nǹkan oníǹkan níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Mádáàmù Ríwáyà ni wọ́n ń pè é. Ohun tó bá sọ nípa ọkọ̀, abẹ gé e.

Bátìrì ni Ejike ń tà, ó sì máa ń fi iná sí èyí tó bá ti gbẹ. Àjégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Bí kò bá dárúkọ fún ọ, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò ní jẹ́ kí o mọ̀ pé ọmọ Igbo ni. Nígbà tí Ràdíátù bí àkọ́bí rẹ̀ tí kò rí ẹni bá a gbé ọmọ, ìyá Ejike, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Nkechi, ló ń bá a pọ̀n ọ́n tí òun fi ń ráyè wọ abẹ́ ọkọ̀. Ejike kéré nígbà náà. Sista Ràdíà ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ ló sì ń pè é títí ó fi di géńdé tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Lóṣù ààwẹ̀, òun ló máa ń gbé omi tútù sọdá wá fún un bí àsìkò ìṣínu bá ti tó. Kristẹni ni, kò gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ àsìkò náà ju ẹlòmíràn tó ń gbà á lọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá Adékànmí. Dókà, ẹni tí ń já ẹrù ọkọ̀ òkun, ni bàbá yìí ní wọ́ọ̀fù Apapa nígbà ayé agbára rẹ̀. Píjò 504 kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti rà láti ìgbà náà, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń nù ún, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀yìn tì í. Bí ẹni gbé ẹyin ló ṣe máa ń wà á. Láràárọ̀, á gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Marine Beach, níbi tí ìyẹn ti ń ta búrẹ́dì àti ṣúgà fún àwọn apẹja àti àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Snake Island. Lẹ́yìn náà á lọ jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ìrọ̀lẹ́ á sì gbé ìyàwó rẹ̀ padà wálé.

Ọkọ̀ yìí ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́nà. Bátìrì tuntun tó rà lọ́wọ́ Ejike á gbẹ. Wọ́n á fi iná sí i, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún gbẹ. Ní ọjọ́ kan ó kú sáàrin àwọn tíréélà lójú ọ̀nà Apapa. Àwọn awakọ̀ ń fun fèrè lé wọn lórí, àwọn kan ń bú wọn. Ìyàwó bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó di ìró rẹ̀ le, ó gbé èjìká ti ẹ̀yìn ọkọ̀. Nígbà tí bàbá gbé ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ràdíátù, kò ròyìn púpọ̀. Ó ní, “Ràdíátù, ìyá àwọn ọmọ mi ti ọkọ̀ lónìí.” Ó sì jókòó, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ràdíátù. Ó ṣí iwájú ọkọ̀. Àyẹ̀wò kan wà tí gbogbo ríwáyà àdúgbò náà máa ń ṣe, èyí tí kò gba àkókò. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ọ́tánétọ̀. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, òun ló sì ń fi iná sínú bátìrì bí ọkọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́. Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ iná mọ́ ọn dáadáa, wọ́n á wá yọ wáyà kan kúrò lórí bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọ́tánétọ̀ ló bàjẹ́. Bí kò bá kú, ọ́tánétọ̀ ló ń bọ́ ọ, a jẹ́ pé bátìrì ni olè. Ràdíátù ṣáná sí ọkọ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ iná jẹ́jẹ́. Ó mú kí ẹ́ńjìnnì náà bú títí àwọn tó wà nítòsí fi di etí, ó sì yọ orí bátìrì. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Ó yọjú wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná pupa kékeré tó máa ń tàn bí ọ́tánétọ̀ kò bá ṣiṣẹ́, kò tàn. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun.

Àwọn awakọ̀ pọ̀ lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà. Efe wà níbẹ̀, ẹni tí ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n ń pè ní fáànù kó ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá láì fi ṣẹ̀fẹ̀. Ràdíátù kígbe pe Ejike láti òdìkejì. Ejike sọdá wá, ó ń nu ọwọ́. Ó ní bátìrì náà kò níṣòro, òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó tà á, kí wọ́n jọ tún ọkọ̀ náà wò dáadáa. Jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ àná ń kọ́ Mádáàmù Ríwáyà níṣẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́.

Ràdíátù ní, “Bátìrì àlòkù lo kùn lọ́dà tí o tà fún arúgbó. Iṣẹ́ àwọn ènìyàn yín náà nìyẹn.”

Onyinyechi tó ń ta ìrẹsì wà níbẹ̀, awakọ̀ méjì ọmọ Igbo wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ejike wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá Ràdíátù gan-an ló sọ̀rọ̀ tàbí ẹlòmíràn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọdá padà.

Àṣà àwọn ríwáyà ni pé ohun tí wọ́n bá yọ lára ọkọ̀, wọn kì í fi pamọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń kó o sí, kí oníbàárà lè rí i pé òótọ́ ni wọ́n pààrọ̀ nǹkan. Báyìí ni Ràdíátù ṣe gbé bátìrì náà jáde tó gbé e sórí táyà, kí gbogbo ẹni tó ń lọ wọ́ọ̀fù lè rí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Efe ti sọ ọ́ lórúkọ. Òkú Ejike ló pè é. Láti ìgbà náà, bí awakọ̀ bá ń kọjá, á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, á kí bátìrì náà kú ìjókòó.

Bàbá Adékànmí lọ ra bátìrì mìíràn ní ọjà Boundary. Òun náà gbẹ.

Ìyẹn ya Ràdíátù lẹ́nu. Ó gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ bàbá, ó wà á lọ sí èbúté Tin Can, ó wà á padà. Ọkọ̀ kò kú, bátìrì kún fọ́fọ́. Ó dá a padà fún bàbá, kò pẹ́ tí ó tún gbẹ. Lọ́wọ́ Ràdíátù, ó ń gba iná. Lọ́wọ́ bàbá, kò gbà á. Bàbá wá gbé e dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí èrò, ó dúró létí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ó ní bóyá ọkọ̀ ni kò fẹ́ òun mọ́. Ó ní bóyá ọjọ́ ogbó òun ti dé, kí òun tà á.

Ràdíátù ní kí bàbá wọ inú ọkọ̀, kí ó ṣáná sí i bí ó ṣe máa ń ṣe, kí ó má ṣe yí ohunkóhun padà. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, ó tẹ iná díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń mí jẹ́jẹ́. Ràdíátù fi tẹ́sítà, gílóòbù olówáyà tí wọ́n fi ń dá iná mọ̀, kan ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ń yí o, ṣùgbọ́n ó ń sùn. Ó ní kí bàbá tẹ iná gidi. Bàbá ṣe bí ẹni tí wọ́n ní kí ó na ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì bú, ọ́tánétọ̀ sì jí. Lẹ́yìn tó jí, kò sùn mọ́ títí wọ́n fi pa ọkọ̀.

Ràdíátù dúró síbẹ̀. Ariwo ni òun fi ń jí i. Bàbá kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí kì í jí fún un. Nígbà náà, àyẹ̀wò tí òun ṣe lọ́jọ́ tí òun yọ orí bátìrì, òun ló ti kọ́kọ́ fi ariwo jí i kí òun tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló yẹ kí ó máa jí i fún ẹni tí ń wakọ̀ jẹ́jẹ́? Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn ọ́tánétọ̀ tí kò kà sí rí. Ó fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Wáyà náà gba inú ihò kọjá, ó wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó lọ parí sí ẹ̀yìn iná pupa kékeré yẹn. Ó tú u wò.

Kò sí gílóòbù níbẹ̀. Ihò lásán ni.

Ó gbé gílóòbù tẹ́sítà rẹ̀ sínú ihò náà, ó yí kọ́kọ́rọ́. Gílóòbù tàn. Ó ṣáná sí ọkọ̀, kò tẹ iná rárá. Gílóòbù kú, ọ́tánétọ̀ sì jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú gílóòbù yẹn ni ìwọ̀nba iná tó ń jí i ń gbà kọjá. Òun ti rò pé àmì lásán ni, pé bí kò bá tàn, ara ọkọ̀ le. Ẹni tí wọ́n gé ahọ́n rẹ̀ ni òun ń sọ pé kò ráhùn.

Ìgbà náà ló rántí ẹni tó gé e.

Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, kí ọkọ̀ náà tó máa kú lọ́nà, bàbá ti gbé e wá fún fèrè tí kò dún, ó sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Efe sáré dé. Wọ́n ti pè é ní wọ́ọ̀fù, iná kan kò sì tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù fáànù rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́nu géètì kò sì ní jẹ́ kí ó wọlé bẹ́ẹ̀. Ràdíátù na ọwọ́ sínú Píjò, ó yọ gílóòbù kan tí kò ju èékánná ọmọdé lọ, ó fi sínú fáànù Efe. Yíyá ni wọ́n ń pè é. Kò sí ríwáyà tí kì í yá nǹkan lára ọkọ̀ tó bá ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù, á kàn rí i pé òun dá a padà kí oníǹkan tó dé. Ràdíátù fẹ́ dá a padà. Kò rí irú rẹ̀ rà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí bàbá dé, fèrè ń dún, inú bàbá ń dùn, gílóòbù sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá.

Bàbá yọjú láti ìta, ó bi í bóyá ó ti rí i.

“Mo ti rí i, Bàbá,” ni Ràdíátù wí. “Wáyà kan ló tú.”

Ẹnu tí kò ní bíréèkì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀. Ó wá gílóòbù tuntun, ó fi síbẹ̀, ó dé dáṣíbọ́ọ̀dù padà. Bàbá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, bóyá ì bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n bàbá tó rí ìwòsàn ọkọ̀ kò lè dákẹ́. Ó padà wá lójú gbogbo èrò, ó ní ọkọ̀ òun ti ń ṣe bí ìgbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, ó ṣàdúrà fún Ràdíátù pé ojú kò ní tì í láéláé. Àwọn awakọ̀ ṣe àmín. Ràdíátù náà ṣe é. Bàbá ní bátìrì Ejike ló kọ́kọ́ fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun kí wáyà tó tú, ẹnìkan sì tọ́ka sí táyà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Àdúrà náà ta á lára bí ásíìdì. Ó tẹ orí ba, ó ń hó ara wáyà kan tí kò nílò híhó.

Àwọn awakọ̀ kò sọdá lọ sọ́dọ̀ Ejike mọ́. Ọmọkùnrin náà á ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, á jókòó ti àwọn bátìrì rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá bá Ràdíátù pàdé, á kí i dáadáa, á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n Mádáàmù ló ń pè é báyìí. Sista Ràdíà ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday kan, Màmá Nkechi ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Ràdíátù. Ó béèrè ọmọ tó pọ̀n. Ó ní Ejike fẹ́ kó kúrò ládùúgbò, ó fẹ́ lọ dara pọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní ọjà Àlàbá, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún òun. Ó di ọwọ́ Ràdíátù mú. “Bá mi bá a sọ̀rọ̀, jọ̀ọ́. Ó máa ń gbọ́ tìrẹ.”

Ràdíátù wo ojú ìyá náà. Kò mọ̀ bóyá ó ti gbọ́ ohun tí òun sọ sí Ejike tàbí kò tíì gbọ́. Ó wá inú ojú náà títí, kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju àárẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyá náà lọ tán, ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí, kò lè jáde fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní láti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó lọ bẹ Àdùfẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó bá òun lọ sọ ọ́. Àdùfẹ́ ń ta ẹja ní Marine Beach, ẹnu rẹ̀ dùn, òun ni wọ́n máa ń mú lọ bí wọ́n bá fẹ́ tọrọ ìyàwó tàbí bí tọkọtaya bá jà. Ní ọjọ́rọ̀, àwọn méjèèjì wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ejike. Àdùfẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní ahọ́n àti eyín ń jà nínú ẹnu kan náà. Ó ní ẹni tí a kò bá bá gbé, a kì í ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ iná ọkọ̀ le, ó ní àṣìṣe ló wọ̀ ọ́, iṣẹ́ èṣù ni, kí Ejike jẹ́ kí ó kọjá. Bí ó ṣe ń sọ ọ́, Ràdíátù rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń rọ̀, tó ń rọ̀, títí tí kò fi sí ẹni tó ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Bí ó ṣe fúyẹ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kí ó kórìíra ara rẹ̀.

Ejike gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi Àdùfẹ́ pé, “Màmá, ṣé èṣù ló gbé bátìrì mi sórí táyà?”

Ejike yíjú sí Ràdíátù. “Mádáàmù, láti ìgbà wo lẹ ti ń wá agbẹnusọ?”

Ràdíátù ní, “Èmi ni mo yọ gílóòbù lára ọkọ̀ bàbá, mo fi fún Efe. Mi ò mọ̀ pé òun ló ń jí ọ́tánétọ̀. Bátìrì rẹ ò níṣòro.”

“Ti bátìrì nìyẹn.”

Ràdíátù mọ èyí tó kù. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Kò lè sọ ọ́ jáde. Ejike dúró dè é, ó dúró dè é dáadáa. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ń fọ orí bátìrì kan. Ó ní, “Títì lẹ ti sọ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.”

Àdùfẹ́ ń kùn títí wọ́n fi délé pé ọmọ náà kò mọ ẹ̀bẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá Adékànmí gbé Píjò rẹ̀ yà lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn awakọ̀ ti jẹun tán lábẹ́ igi. Ẹ̀rù ń bà á díẹ̀. Ó ní òun ṣàkíyèsí pé bí òun bá ti yí kọ́kọ́rọ́, iná pupa kan máa ń tàn kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tí òun ti rí i bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó yí i, gbogbo wọn na ọrùn wò ó. Iná pupa kékeré náà tàn, bàbá sì yíjú sí Ràdíátù. “Ṣé kì í ṣe pé ó tún fẹ́ bàjẹ́?”

Ó rọrùn láti dáhùn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí ó rí, òótọ́ ni, bàbá á sì máa lọ tayọ̀tayọ̀. Ràdíátù nu ọwọ́ sí aṣọ.

“Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, Bàbá. Èmi ni mi ò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.”

Ó sọ ọ́. Ó sọ nípa ọjọ́ fèrè, nípa yíyá, nípa fáànù Efe. Ó ní wáyà kankan kò tú, irọ́ ni òun pa. Ó ní nítorí gílóòbù yẹn ni ìyàwó bàbá fi ti ọkọ̀ lójú ọ̀nà Apapa. Bàbá kò pa kọ́kọ́rọ́, iná pupa ń tàn síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́. Efe ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “So na my van the thing dey since?” Ó wo ojú àwọn tó kù, ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹnìkan sọ lẹ́yìn pé Mádáàmù Ríwáyà náà wá rí bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́ sókè, ṣùgbọ́n Ràdíátù gbọ́ ọ. Bàbá kò bú u. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí sítíárìn. Ràdíátù ì bá fẹ́ kó bú òun.

Ó fi àkísà ṣe òṣùká, ó lọ sídìí táyà, ó gbé bátìrì náà, ó rù ú. Bátìrì wúwo, ọrùn rẹ̀ sì kì í ṣe ọrùn ọmọdé mọ́. Efe fẹ́ bá a gbé e, ó ní kí ó fi òun sílẹ̀. Ó dúró létí títì, àwọn ọkọ̀ dúró fún un, àwọn awakọ̀ ń béèrè lójú fèrèsé pé ibo ni òkú Ejike ń lọ. Ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé bátìrì tó dára ni, òun ni òun parọ́ mọ́ ọn. Omi bátìrì kán sí i léjìká, ó ń jó aṣọ rẹ̀, kò dúró.

Ejike ti dìde. Àwọn páálí òfìfo tí ó fẹ́ kó ẹrù sí ti wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Onyinyechi tó ń ta ìrẹsì ti sún mọ́ tòsí, ó ká ọwọ́ gbera.

Ràdíátù kò tíì sọ bátìrì náà kalẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí ẹ̀rù má baà tún gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ejike, mo sọ níbẹ̀ yẹn pé iṣẹ́ àwọn ènìyàn yín nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ èmi Ràdíátù ni. Ìyá rẹ ló pọn ọmọ mi, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń sọ ọ́.”

Kò fi nǹkan kan kún un.

Ejike gba bátìrì lórí rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ṣí àwọn ìdérí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọjú wò ó, ó fi ohun ìdíwọ̀n rẹ̀ kàn án. Gbogbo èèyàn ń wò ó.

“Ó ti kú tán báyìí,” ló wí. “Bátìrì tó bá gbẹ, wọn kì í fi sínú oòrùn láìfi iná sí i. Ó dára nígbà tí mo tà á. Orí táyà ló kú sí.”

Ràdíátù wo bátìrì náà. Ohun tí òun parọ́ rẹ̀ ti wá di òótọ́. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ gba òun níbi tí òun dúró sí. Ó béèrè bóyá kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe.

Ejike bu omi bátìrì sí i, ó so wáyà ìfinásí mọ́ ọn lórí, ó yí ẹ̀rọ ìfinásí náà sí ibi tó kéré jù. Ó ní òun á máa fún un ní iná díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń gbà á, nígbà mìíràn kì í gbà á. Kò fi ìjókòó lọ̀ ọ́. Ràdíátù dúró díẹ̀ sí i, ó sì sọdá padà sídìí táyà tó ti ṣófo.

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, òdìkejì títì ló máa ń wò, kì í wo ilẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ṣì ń tì í. Á gbé ohùn sókè, lójú gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ igi, á béèrè bóyá bátìrì náà ti gba iná.

Ejike á yẹ̀ ẹ́ wò. “Kò tíì gbà á, Mádáàmù.”

Kò tíì pè é ní Sista Ràdíà. Ṣùgbọ́n àwọn páálí náà ṣì ṣófo nílẹ̀, bátìrì náà ṣì wà lórí tábìlì, Ejike sì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ láti wò ó.